Ẹ Bẹ̀rẹ̀ Láti Yàrá: Bí A Ṣe Ń Kọ Ìtàn Ilé Ẹbí

Tí wọ́n bá ní kí ènìyàn kọ ìtàn ilé baba rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀dọ̀ Baálé ni ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ gbà lọ. Baálé á jókòó, á tún fìlà ṣe, á ka orúkọ àwọn tó ti jẹ Baálé ṣáájú rẹ̀. Akọ̀wé ẹbí á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn ìwé ètò ìsìnkú, ó parí. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ìtàn oyè ni, kì í ṣe ìtàn ilé. Ẹ lè kà á tán kí ẹ má mọ ẹni tó kọ́ yàrá ọwọ́ òsì, kí ẹ má mọ ìdí tí ẹnu ọ̀nà kan fi di ògiri, kí ẹ má sì mọ bó ṣe jẹ́ tí ọmọ ìyá kan fi ní yàrá mẹ́ta, tí ọmọ ìyá mìíràn ní ẹyọ kan ṣoṣo.

Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìsàlẹ̀-Àfọ̀n ni ilé wa wà, ọmọbìnrin ilé sì ni mí. Ilé wa ni mo kọ́kọ́ kọ ìtàn rẹ̀, lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀rẹ́ àti ará ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí pé kí n wá bá àwọn kọ tiwọn. Ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo wọn ni pé ilé ẹbí kì í bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ní odidi. Yàrá kọ̀ọ̀kan ló ń bọ́ sọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan. Yàrá ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé bí ọkùnrin tó kọ́ ilé bá kú láì ṣe ìwé ìhágún, gbogbo ọmọ rẹ̀ ló jọ ni ilé náà, lọ́kùnrin lóbìnrin. Olórí ẹbí ń bójú tó o ni, kò lè dá a tà. Bí wọ́n bá wá fẹ́ pín in, ìdí igi ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀lé: iye ìyàwó tó bímọ fún bàbá ni iye ọ̀nà tí wọ́n ń pín in sí, ìbáà ṣe ọmọ kan ni ìyá kan bí, kí orogún rẹ̀ bí méje. Àwọn mìíràn a pín in ní orí-ò-jorí, pé iye ọmọ ni iye ìpín. Ọ̀rọ̀ yìí ti dá ìjà sílẹ̀ débi pé ẹjọ́ kan, ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, ti Èkó dé iwájú ìgbìmọ̀ adájọ́ Ọbabìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1962, àwọn adájọ́ náà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìdí igi ni àṣà Yorùbá, àti pé bí àríyànjiyàn bá wà, olórí ẹbí lè ní kí wọ́n lo orí-ò-jorí. Ṣùgbọ́n kí ẹjọ́ tó dé kóòtù rárá, yàrá tí ìyá kọ̀ọ̀kan gbé nígbà ayé ọkọ rẹ̀ ti máa ń di ti àwọn ọmọ rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni tó bá mọ àwọn yàrá ti mọ àwọn ìyá, ẹni tó bá sì mọ àwọn ìyá ti mọ ẹbí náà.

Nítorí náà, ẹ ra ìwé fífẹ̀ kan, ẹ yá téèpù kápẹ́ńtà, kí ẹ sì ya àwòrán ilé náà sílẹ̀ bó ṣe wà: ojúde, ẹnu ọ̀nà, ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn yàrá, àgbàlá, ibi ìdáná, kànga, balùwẹ̀. Kò dìgbà tó bá dára bíi ti sọ́fíọ̀. Ẹ fún yàrá kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí ẹ sì ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún un. Lójú ewé náà, ẹ bèèrè pé: ta ló ń gbé ibẹ̀ báyìí? Ta ló gbé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀? Ìyá wo ló kọ́kọ́ ni ín? Ta ló tún un ṣe kẹ́yìn, owó ta sì ni? Ẹ má fojú kéré ìbéèrè ìkẹyìn yẹn. Ẹni tó bá ra páànù tuntun lé yàrá lórí, kì í pẹ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ á fi máa sọ pé bàbá àwọn ló kọ́ ọ.

Nínú ilé tiwa, yàrá kan wà lápá ọ̀tún àgbàlá tí tọmọdé tàgbà ń pè ní yàrá Ìyá Tàmálè. Àwọn ọ̀dọ́ rò pé orúkọ lásán ni. Nígbà tí mo bèèrè, wọ́n ní ìyàwó kejì bàbá àgbà wa ni, tó tẹ̀ lé e lọ sí Tàmálè ní ilẹ̀ Gánà, tí wọ́n jọ ń tajà níbẹ̀. Owó tí obìnrin yìí kó bọ̀ ni wọ́n fi ra páànù tó kọ́kọ́ gun orí ilé náà. Nínú gbogbo ìtàn tí wọ́n ti ń kà fún wa níbi ìsìnkú, mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ nítorí rẹ̀ ni ilé fi dúró títí di òní.

Lẹ́yìn àwòrán, ọ̀dọ̀ àwọn ìyàwó ilé ni kí ẹ kọjá sí. Ẹ jẹ́ kí Baálé ṣì dúró ná, ṣùgbọ́n ẹ lọ kí i, kí ẹ sì gbàyè lọ́wọ́ rẹ̀, kó má di pé ẹ ń yẹ ilé rẹ̀ wò lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọkùnrin ilé wa, ọ̀nà Jọ́ọ̀sì, Kánò àti Gánà ni wọ́n fi ọjọ́ orí wọn rìn. Àwọn ìyàwó tí wọ́n fẹ́ wọlé ni wọ́n wà nílé tí wọ́n ń gbá àgbàlá, tí wọ́n ń gbẹ̀bí, tí wọ́n ń tọ́jú arúgbó, tí wọ́n sì ń kí ẹni tó bá ti ìrìn àjò dé ní oríkì. Ìyàwó tó bá ti pẹ́ nílé mọ ẹni tó kú sí yàrá wo, ó mọ ẹni tí wọ́n gbà sílé tí kì í ṣe ọmọ bíbí ibẹ̀, ó sì mọ ẹni tó bínú kó jáde àti ohun tó fa ìbínú náà.

Ẹ lọ bá wọn ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, nígbà tí iṣẹ́ bá ti rọlẹ̀. Ẹ kúnlẹ̀, tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀. Ẹ mú nǹkan dání, ìbáà ṣe búrẹ́dì. Ẹ má gbé fóònù sílẹ̀ láti gba ohùn wọn láì bèèrè. Mo ti rí ìyá àgbà tó panu mọ́ pátápátá torí ó rí iná pupa lójú fóònù. Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ ilé, "ọkọ mi" ni wọn yóò máa pè yín, kódà èmi tí mo jẹ́ obìnrin, ọkọ wọn ni mí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kì yín tán kí ẹ tó bèèrè ohunkóhun. Inú oríkì tí wọ́n ń kì yín yẹn gan-an ni ìdáhùn àkọ́kọ́ wà.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan níbí, torí òun ló máa ń da ọ̀pọ̀ ìtàn rú. Ìyàwó ilé kì í dárúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ, ìnagijẹ ló máa ń fún un: Akọ̀wé, Adúmáadán, Eyínfúnjowó, Ìbàdí-àrán. Ìyàwó tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀ lè fún ẹni kan náà ní ìnagijẹ mìíràn. Bí ẹ bá ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láì yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni kan ṣoṣo á di ènìyàn mẹ́ta nínú ìwé yín. Ẹ ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ tó jẹ́ ti ìnagijẹ nìkan: ìnagijẹ lápá kan, orúkọ àbísọ lápá kejì, orúkọ ìyàwó tó ń pè é bẹ́ẹ̀ lápá kẹta. Orúkọ àbísọ náà kò ní ti ẹnu ìyàwó jáde. Ẹ lọ bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ ilé tó dàgbà ju ẹni náà lọ.

Ẹ má bi arúgbó ní ọdún. "Ọdún wo ni, Ìyá?" á mú kí ó máa méfò láti fi tẹ́ yín lọ́rùn ni. Ẹ bi í ní ẹni tó ṣáájú àti ẹni tó tẹ̀ lé e. "Ìyá, ta ni ẹ bá nílé nígbà tí ẹ wọlé?" "Ta ni wọ́n gbé wá lẹ́yìn yín?" "Yàrá wo ni wọ́n mú yín wọ̀ lálẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó?" "Ta ni Baálé nígbà náà?" "Nígbà tí ẹ bí àkọ́bí, ṣé koríko ló wà lórí ilé ni àbí páànù?" Bí ìyàwó mẹ́ta bá dáhùn irú ìbéèrè wọ̀nyí, ẹ ó ti mọ bí nǹkan ṣe tẹ̀ léra fún àádọ́ta ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láì tíì kọ ọdún kankan sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá ọdún tí ẹ ó so ó mọ́. Ó ní àwọn ọdún tí ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó dàgbà kò lè gbàgbé. Ní oṣù kìn-ín-ní 1955 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, torí náà ẹ bèèrè ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ mú lọ sílé-ìwé nígbà náà nínú ilé. Ní January 1966 ni àwọn ológun pa Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá tó jẹ́ ọmọ ìlú yìí. Mi ò tíì rí àgbà tí kò rántí ibi tó wà nígbà tí ìròyìn náà dé. Ní April 1972 ni ọkọ̀ yí padà sí ọwọ́ ọ̀tún, ní January 1973 ni a fi pọ́n-ùn sílẹ̀ bọ́ sórí náírà. Ọdún 1973 yẹn kan náà ni Ọba Jímọ̀ Oyèwùmí, Ajagungbádé Kẹta, gorí ìtẹ́, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí di December 2021. Ẹni tó bá ní "pọ́n-ùn ni a fi san owó bíríkìlà, kì í ṣe náírà" ti bá yín yọ gbogbo ohun tó lé ní 1973 kúrò.

Ṣùgbọ́n ọdún 1969 ni ẹ ó lò jù. Ọdún yẹn ni ogun owó orí Agbẹ́kọ̀yà dé ìlú yìí, tí wọ́n pa Ṣọ̀ún Ọlájídé Ọláyọdé, ọba wa. Kí ọdún náà tó parí, ní oṣù kọkànlá, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ti bímọ sí Tàmálè, sí Kùmásì, sí Yẹ́ndì, tí àwọn ọmọ kan kò tilẹ̀ mọ ọ̀nà ilé, kó ẹrù díẹ̀ sórí lọ́rì, wọ́n padà wá bá yàrá tí ẹlòmíràn ti ń gbé. Níbo ni wọ́n sùn? Ta ló fi yàrá sílẹ̀ fún ta? Ta ló kọ̀? Ẹ rọra bèèrè o, torí ojú ọgbẹ́ náà kò tíì jiná nínú ilé mìíràn. Nílé wa, apá ẹ̀yìn tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́, tí kò bá ara yòókù mu, nítorí àwọn tó ti Gánà dé yìí ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ìdí tí kò fi ní àjà nìyẹn: owó tán.

Ògiri fúnra rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá mọ ibi tó yẹ kó wò. Ìpele ìpele ni wọ́n fi ń mọ ilé alámọ̀. Wọ́n á po amọ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á mọ ìpele kan yíká, wọ́n á fi sílẹ̀ kó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Níbi tí rẹ́lẹ́ símẹ́ńtì bá ti ṣí, ẹ ó rí ilà tó wà láàárín ìpele kan àti èkejì. Bí ilà apá iwájú kò bá dọ́gba pẹ̀lú ti apá ẹ̀yìn, tàbí tí wọn kò wọ inú ara wọn ní igun, wọn ò mọ ọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí ògiri bá ti sán ní ìrísí ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ló wà níbẹ̀ rí. Ẹ bèèrè ẹni tó dí i àti ẹni tó ń gba ibẹ̀ kọjá tẹ́lẹ̀. Orí ilé koríko máa ń ga ṣóńṣó kí omi lè tètè ṣàn, páànù kò nílò gíga bẹ́ẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá rí ojú ihò igi àjà àtijọ́ lókè tàbí nísàlẹ̀ ibi tí igi wà báyìí, wọ́n ti pààrọ̀ òrùlé níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá sì sọ fún yín pé láti ayé ogun Jálumi ní 1878 ni bàbá àwọn ti fi páànù bo ilé, ẹ fara balẹ̀ bi í bó ṣe gbé e dé. Ìbàdàn ni ọkọ̀ ojú irin dé ní 1901, ó sì gba Òṣogbo àti Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin. Kò yà sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọdún tí wọ́n kọ sí iwájú ilé pẹ̀lú símẹ́ńtì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ọdún tí wọ́n rẹ́ ilé náà ló sábà máa ń jẹ́. Èyí tí mo gbẹ́kẹ̀ lé ju ìyẹn lọ ni ojú oórì. Inú ilé ni àwọn bàbá wa ń sin òkú àgbà sí, nínú yàrá rẹ̀ tàbí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, nígbà mìíràn ní ojúde. Ibi tí wọ́n sin ín sí ń sọ ibi tó ni. Bí wọ́n bá sọ pé kò sí orúkọ lójú oórì kan, ẹ fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì rọra fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gbà.

Nípa ibi tí ẹbí ti ṣẹ̀, oríkì orílẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀lé. Gbogbo wa la mọ ìtàn Ògúnlọlá tó bẹ́ Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ lórí, tí orúkọ ìlú fi ti inú ìyẹn wá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ agbo ilé ni kò bá Ògúnlọlá wá. Nígbà tí ogun Fúlàní tú Ọ̀yọ́ Ilé àti àwọn ìlú tó yí i ká, Ògbómọ̀ṣọ́ dúró, àwọn tí ogun lé sì sá wọ inú odi rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ń kì ní ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí, orúkọ ibi tí wọ́n ti gbéra ló wà lẹ́nu oníkìí yẹn. Ẹ kọ oríkì náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe kì í gẹ́lẹ́, pẹ̀lú àmì ohùn. Ẹ má tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ tí kò yé yín lónìí lè yé ọmọ yín.

Ìwé ló wá kàn. Ẹ ṣí àpótí àtijọ́: rìsíìtì owó orí, ìwé àdéhùn tí wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀, ìwé ẹjọ́ kóòtù ìbílẹ̀, ẹ̀yìn fọ́tò. Ìwé ìjọ wúlò púpọ̀ nílùú yìí, torí láti 1855 tí ajíhìnrere Bowen ti dé ni Onítẹ̀bọmi ti wà láàárín wa. Ṣùgbọ́n Onítẹ̀bọmi kì í ri ọmọ ọwọ́ bọmi, torí náà ẹ má ka ọdún ìrìbọmi sí ọdún ìbí. Ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní àwọn fáìlì ìjọba amúnisìn lórí ẹkùn Ọ̀yọ́. Ẹ bèèrè èyí tí wọ́n ń pè ní Oyo Prof. Ẹjọ́ ilẹ̀ àti ẹ̀bẹ̀ àwọn ará ìlú pọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá ti mọ orúkọ àwọn àgbà ilé yín kí ẹ tó lọ, ẹ ò ní pààrà.

Bí ẹ bá rí ìwé tó ní wọ́n fi yàrá tàbí ilẹ̀ dúró gbèsè, ẹ farabalẹ̀ kà á. Nínú àṣà wa, ohun tí a fi dógò kò di ti ẹni tó yáni lówó bó ti wù kó pẹ́ tó. Ọmọ-ọmọ lè san gbèsè náà kó sì gba ilé padà. Títà yàtọ̀. Kóòtù ti sọ ọ́ láti 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, pé ilẹ̀ ẹbí tí ẹnìkan tà láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni. Èyí tí olórí ẹbí tà láì gba ohùn àwọn àgbà ẹbí, wọ́n lè lọ tú u ká. Ẹ kò lè mọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí yàrá kan bí kò ṣe pé ẹ mọ ìtàn rẹ̀. Ìdí mìíràn sì wà tí mo fi ń bẹ àwọn ẹbí pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè fi fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀, ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ látẹnu àwọn àgbà sì ni àkọ́kọ́ nínú wọn. Àgbà tó lè sọ ọ́ ń kú lọ́dọọdún.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó gba ọgbọ́n. Nínú agbo ilé, àwọn kan wà tí baba ńlá wọn wá gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀fà, tàbí tí ogun kó wá, tàbí àlejò tí wọ́n fún ní yàrá. Ẹ máa gbọ́ ọ. Mi ò gbà pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé tí wọ́n ń pín níta. Ẹ kọ ìran wọn sílẹ̀ bíi ti ẹlòmíràn, yàrá wọn, àwọn ọmọ wọn, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún ilé. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ ìyókù, àwọn fúnra wọn ni kó sọ ọ́.

Bí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ jẹ́ kí Baálé pe ìpàdé ẹbí, kí ẹ kà á sókè láti yàrá kìn-ín-ní dé ìkẹyìn. Ẹnìkan á bínú. Ibi tí ìdí igi méjì kò bá ti fẹnu kò, ẹ kọ ti àwọn méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Kì í ṣe iṣẹ́ akọ̀wé láti dá ẹjọ́. Ẹ wo ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá orúkọ gbogbo ọmọbìnrin wà níbẹ̀, títí kan àwọn tó lọ sílé ọkọ ní ìlú òkèèrè, torí ọmọ ni wọ́n, ìpín wọn sì wà. Ẹ ya fọ́tò gbogbo yàrá, ògiri àti ojú oórì ní kíákíá, pàápàá bí ọmọ ilé tó wà lókè òkun bá ti ń sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n wó o kí òun kọ́ tuntun. Ẹ tẹ ẹ̀dà kan fún Baálé, ọ̀kan fún ọmọbìnrin tó dàgbà jù, ọ̀kan fún ìdí igi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ti fóònù ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí. Ẹ fi ojú ewé díẹ̀ sílẹ̀ láìkọ nǹkan sí i lẹ́yìn ti yàrá kọ̀ọ̀kan.